Yíyan Gìtá Oníná Aláìlórí Tí A Kò Fi Igi Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀síbẹ̀, ohun èlò orin kan wà ní ayé òde òní tí ó jẹ́ pé bíbẹ́ ni wọ́n bẹ́ orí rẹ̀, tí àìsàn rẹ̀ sì fi bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun èlò náà ni gìtá oníná aláìlórí. Kì í ṣe orí nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú oríṣi kan, wọ́n gba igi pàápàá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi alumíníọ̀mù, ike tàbí fọ́nrán kábọ̀n rọ́pò rẹ̀. Irú gìtá bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ lọ́jà. Nígbà púpọ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ní láti ránṣẹ́ sí oníṣọ̀nà kí ó bá a ṣe é ní ìwọ̀n ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rán aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀.

Aṣọ tí a rán ní ìwọ̀n ara ẹni kò ṣeé dá padà fún télọ̀ pé kò wù wá mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni gìtá tí a ní kí wọ́n dá ṣe fún wa. Owó rẹ̀ pọ̀, à ń dúró dè é fún oṣù púpọ̀, àṣìṣe inú rẹ̀ a sì máa bá ẹni gbé. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí mọ bí a ti ń yàn án. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́, òun sì nìyí: ohun tí wọ́n yọ kúrò lára gìtá yìí, iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà nísinsìnyí?

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí gìtá oníná ti ń dún. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo igi ni àwọn agbẹ́lù wa ń gbẹ́. Igi ọ̀mọ̀ ni wọ́n sábà máa ń wá kiri inú igbó, nítorí pé ó rọrùn láti gbẹ́, ó sì ń gbé ohùn awọ jáde dáradára. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún gìtá àtijọ́ tí kò lo iná. Okùn rẹ̀ ń gbọ̀n, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lójú àpótí rẹ̀ ń bá okùn gbọ̀n, afẹ́fẹ́ inú àpótí náà ń bá wọn gbọ̀n, ohùn sì ń jáde. Bí a bá mú àpótí náà kúrò, ohùn tí yóò kù kò ní pọ̀ ju ohùn ẹ̀fọn lọ.

Ọ̀nà mìíràn ni gìtá oníná ń gbà. Lábẹ́ okùn irin rẹ̀ ni òòfà wà, tí a fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Àwọn onígìtá ń pè é ní píkọ́ọ̀pù. Nígbà tí okùn irin bá ń gbọ̀n lókè òòfà yìí, iná mọ̀nàmọ́ná kékeré a máa sàn nínú wáyà náà, gẹ́gẹ́ bí òfin tí Michael Faraday, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àwárí rẹ̀ ní ọdún 1831. Iná kékeré yìí a gba inú wáyà lọ sí inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ̀rọ náà a sì sọ ọ́ di ohùn ńlá. Ọ̀nà yìí ni ó jẹ́ kí ohùn gìtá lè borí ariwo ìlù àti ti àwùjọ. Ní ilẹ̀ wa, Àyìndé Bákàrè ni a máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ́kọ́ mú gìtá oníná wọ inú orin jùjú, ní nǹkan bí ọdún 1949.

Ẹ kíyè sí i pé a kò tíì dárúkọ igi nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí gìtá oníná kò lè ṣe aláìní ni ohun líle kan tí yóò di okùn mú ní ìhà méjèèjì, tí kò sì ní tẹ̀. Iṣẹ́ náà kò kéré. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa pọ̀ ń fa ọrùn gìtá tọ̀sán-tòru pẹ̀lú agbára tí ó tó ìwúwo kílò 45, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ńtì kan. Ohunkóhun tí ó bá lè gba ẹrù yìí láìyẹ̀, a lè fi í ṣe gìtá oníná.

Kì í ṣe òní ni àwọn ènìyàn ti mọ èyí. Ọ̀kan nínú àwọn gìtá oníná tí a kọ́kọ́ tà lọ́jà kì í ṣe onígi. Ní ìlú Los Angeles ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, George Beauchamp, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ onígìtá, àti Adolph Rickenbacker, tí ó mọ iṣẹ́ irin, jọ ṣe gìtá kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà ní ọdún 1932. Orí itan ni a ń gbé e lé kí a tó lù ú. Alumíníọ̀mù ni wọ́n yọ́, tí wọ́n sì dà láti orí dé ìdí. Nítorí pé ara rẹ̀ rí roboto, tí ọrùn rẹ̀ sì gùn, àwọn ènìyàn fi páànù tí a fi ń dín nǹkan ṣe orúkọ rẹ̀. Gìtá náà dún dáradára, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan. Bí ooru bá mú alumíníọ̀mù, ó máa ń gùn tó ìlọ́po méjì bí irin ti ń gùn. Irin ni okùn, alumíníọ̀mù sì ni ara gìtá. Nígbà tí iná orí ìtàgé bá mú wọn, wọn kì í gùn pọ̀, ohùn a sì yẹ̀. Ẹ rí i pé a ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ igi, ṣùgbọ́n ẹni tí a gbé iṣẹ́ fún kò mọ̀ ọ́n ṣe tán.

Ó pẹ́ kí a tó rí ẹni tí ó bẹ́ orí gìtá tí ó sì jẹ́ kí ayé gbà á. Ned Steinberger ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1948 ni a bí i. Bàbá rẹ̀, Jack Steinberger, ni ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní ọdún 1988. Ned kì í ṣe olórin. Iṣẹ́ àga àti tábìlì ni ó ń ṣe ní Brooklyn, ní ìlú New York, nínú ilé iṣẹ́ kan náà tí ẹnì kan ti ń ṣe gìtá béèsì. Nítorí pé kì í ṣe olórin, ojú rẹ̀ kò tíì mọ́ àṣà àwọn olórin lára. Ó ṣàkíyèsí pé gìtá béèsì a máa tẹrí ba nígbà tí ó bá wà lọ́rùn ènìyàn. Kọ́kọ́rọ́ irin tí a fi ń fa okùn le ni ó pọ̀ ní orí rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ sì gùn, nítorí náà ìwúwo díẹ̀ ní òpin ọrùn a di ẹrù ńlá. Ọwọ́ òsì onígìtá, tí ó yẹ kí ó máa tẹ okùn, a tún máa gbé orí gìtá. Steinberger kó kọ́kọ́rọ́ lọ sí ìdí gìtá, ó sì gé orí náà kúrò. Ní nǹkan bí ọdún 1980 ni gìtá béèsì aláìlórí rẹ̀, tí ó pè ní L2, jáde. Fọ́nrán kábọ̀n àti àtè líle ni ó fi ṣe é, ara rẹ̀ kò sì ju àpótí kékeré kan lọ. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe gìtá olókùn mẹ́fà. Allan Holdsworth, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn onígìtá káàkiri ayé bọ̀wọ̀ fún, wà lára àwọn tí ó lò ó.

Nísinsìnyí tí a ti mọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn ohun tí a lè fi ṣe é yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Alumíníọ̀mù ni èkíní. Ó le, kì í mu omi, kòkòrò kò sì lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó wúwo ju igi lọ, ooru sì ń yí i padà, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ. Bí ó bá wà nínú otútù, ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú a kọ́kọ́ máa kú. Ẹni tí ó bá yàn án gbọ́dọ̀ béèrè bí oníṣọ̀nà ti gbẹ́ inú rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́.

Ike tí ó mọ́ gaara bíi gíláàsì ni èkejì. Irú rẹ̀ ni Dan Armstrong fi ṣe gìtá fún ilé iṣẹ́ Ampeg ní ọdún 1969. Ó dùn-ún wò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti ọ̀pọ̀ igi tí a fi ń ṣe gìtá, nǹkan sì tètè ń ha á. Ike yìí kò le tó láti ṣe ọrùn. Ọrùn gìtá ti Armstrong pàápàá, igi ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ igi rárá kò lè gbára lé ike nìkan.

Fọ́nrán kábọ̀n ni ẹ̀kẹta. Òun ni àwọn fọ́nrán dúdú tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tí a ń hun bí aṣọ, tí a sì ń fi àtè líle lẹ̀ pọ̀. A ń fi í ṣe ara ọkọ̀ òfuurufú. Ó fúyẹ́, ó sì le ju igi lọ fíìfíì. Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹni tí ó bá ní gìtá onígi mọ ohun tí ọyẹ́ ń fi ojú igi rí: igi a gbẹ, a fún, nígbà mìíràn a sì là, bí òjò bá dé, a mu omi, a wú. Ọrùn onígi ń tẹ̀ lọ, ó ń tẹ̀ bọ̀. Ti kábọ̀n kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìbéèrè wa. Nínú ọrùn gìtá onígi ni ọ̀pá irin kan máa ń wà tí a fi ń tọ́ ọrùn náà bí ó bá tẹ̀ jù. Gìtá Steinberger ti àkọ́kọ́ kò ní ọ̀pá yìí. Ọrùn tí kì í tẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oníṣọ̀nà bá ṣe ọrùn náà ní wíwọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí a ó fi tọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá ọ̀pá náà wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ rí i dájú pé ọwọ́ oníṣọ̀nà náà mọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ohun àpòpọ̀ tí a ń dà. Ní ìlú Haarlem ní ilẹ̀ Netherlands, ilé iṣẹ́ Aristides ń da ara àti ọrùn gìtá pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú ohun kan tí wọ́n ń pè ní Arium. Ibi tí ọrùn ti so mọ́ ara, tí ó máa ń yọ àwọn onígìtá onígi lẹ́nu, kò sí nínú irú èyí. Ohun tí a dà pọ̀ kò sì ṣeé tú: bí ọrùn bá ṣẹ́, a kò lè yọ ọ́ kí a fi òmíràn sí i.

A kò sọ èyí láti fi igi ṣẹ̀sín. Igi ní ìwà rere kan tí kò sí nínú àwọn yòókù: ẹni tí ó mọ iṣẹ́ igi kò ṣòro rí, ó sì lè fi ayùn, fáìlì àti àtè tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Bí kábọ̀n bá là, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè mọ̀ ọ́n lẹ̀, eruku rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn igi dáradára kan ti ń tán lọ nínú igbó. Láti ọdún 1992 ni àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ti fi òfin líle de òwò igi rósíwúùdù ilẹ̀ Brazil, tí àwọn oníṣọ̀nà gìtá fẹ́ràn gan-an. Ẹni tí ó bá yan ohun mìíràn dípò irú igi bẹ́ẹ̀ kò ṣe ohun tí kò nídìí.

Ní ti ohùn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu dídùn tà á fún yín. Àwọn kan ní ohùn kábọ̀n tutù, àwọn kan ní ti igi ni ó dùn jù. Ìjiyàn náà kò tíì parí. Ohun tí kò ní ìjiyàn nínú ni pé okùn, píkọ́ọ̀pù, ibi tí a fi píkọ́ọ̀pù sí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ọwọ́ ẹni tí ń lù ú ń ṣe púpọ̀ nínú ohùn tí a ń gbọ́. Kí ẹ tó fi owó ńlá ra ara gìtá, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn wọ̀nyí.

Ọ̀rọ̀ wá kan orí tí a bẹ́. Kì í ṣe ìwúwo nìkan ni orí gìtá ń rù; òun ni ó ń di okùn mú. Okùn gìtá tí ó wọ́pọ̀ ní kókó irin roboto ní ìdí kan. Ìdí kejì a wé mọ́ kọ́kọ́rọ́ tí ó wà lórí. Gìtá tí kò ní orí kò ní ibi tí a ó wé e sí. Ọ̀nà méjì ni a gbà yanjú èyí. Èkíní ni kí a lo okùn tí ó ní kókó ní ìdí méjèèjì. Èkejì ni kí a fi irin kékeré kan tí ó ní ìdè sí òpin ọrùn, kí ó lè fún okùn tí ó wọ́pọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí lè rí ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀.

Mo mọ ọkùnrin kan ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, tí gbogbo àwa ọmọdé ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Onígìtá. Ọdún mẹ́ta ni ó fi tọ́jú owó kí ó tó ránṣẹ́ sí òkè òkun pé kí wọ́n bá òun ṣe gìtá kábọ̀n aláìlórí. Nígbà tí ó dé, àwọn ènìyàn ń wá wò ó láti òpópónà kejì. Ní alẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó kan, tí ijó ń gbóná lọ́wọ́, okùn kìn-ín-ní já. Bọ̀ọ̀dá ti lo àwọn okùn tí ó bá gìtá náà wá tán. Wọ́n rán ọmọkùnrin kan lọ sí ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tí ó ń ta okùn gìtá tí wọ́n mọ̀. Okùn pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ní kókó méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé gìtá onígi tí ojú rẹ̀ ti ha wá, òun ni ó sì lù ú títí ilẹ̀ fi mọ́. Bọ̀ọ̀dá jókòó sórí àga ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé gìtá olówó ńlá rẹ̀ lé itan. Nígbà tí mo lọ kí i ní ọjọ́ kejì, tí mo ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, Bọ̀ọ̀dá," ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Àbúrò, mo béèrè bí ó ti fúyẹ́ tó, mo béèrè àwọ̀ rẹ̀. N kò béèrè ohun tí yóò máa jẹ." Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni ó rí irin kékeré onídè tí a ń fi sí òpin ọrùn. Láti ìgbà náà, okùn tí ó bá rí lọ́jà ni ó ń lò, gìtá náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ di òní.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Gígùn okùn láti òpin ọrùn dé ibi tí ó gúnlẹ̀ sí lára gìtá máa ń jẹ́ ínṣì 25 àti ààbọ̀ nínú ọ̀pọ̀ gìtá, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 65. Ẹni tí ìka ọwọ́ rẹ̀ kúrú lè fẹ́ èyí tí ó dín díẹ̀. Ẹ sọ bí ọrùn yóò ti nípọn tó, iye okùn tí ẹ fẹ́, àti bí ó bá jẹ́ ọwọ́ òsì ni ẹ fi ń ta okùn. Ẹ má sì gbàgbé pé ara gìtá ní iṣẹ́ mìíràn tí a kì í rántí: òun ni ó ń jókòó sórí itan. Àpótí kékeré tí kò ní kọ́lọ́fín a máa yọ̀ bọ́. Nítorí náà, ẹ fi ọkàn ro ó bóyá ìjókòó ni ẹ ó máa lù ú tàbí ìdúró.

Ohun kan tún wà tí ó kan ẹ̀mí. Alumíníọ̀mù ń gbé iná mọ̀nàmọ́ná, kábọ̀n náà sì ń gbé e. Okùn ọ̀pọ̀ gìtá oníná ni a so mọ́ wáyà tí ó bá ẹ̀rọ gbohùngbohùn tan. Bí ẹ̀rọ náà bá ní àbùkù, tàbí tí kò sí wáyà tí ó wọ inú ilẹ̀, iná lè mú onígìtá, pàápàá bí ètè rẹ̀ bá kan ẹ̀rọ tí a fi ń sọ̀rọ̀. Nínú gìtá onírin, ibi tí ọwọ́ ń kan pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe lù ú níbi tí ẹ kò ti mọ̀ bóyá wáyà ilẹ̀ wà, ẹ má sì lù ú nínú òjò.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí gbogbo àdéhùn wà ní kíkọ: irú ohun tí a ó fi ṣe ara àti ọrùn, ìwúwo tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, irú okùn tí yóò máa lò, oṣù tí yóò parí, iye owó tí a ó san ní ìbẹ̀rẹ̀ àti èyí tí a ó san nígbà tí ó bá pé, àti ẹni tí yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé irú rẹ̀ dání fún wákàtí kan kí ẹ tó ránṣẹ́. Ojú lè fẹ́ràn ohun tí èjìká kò lè rù.

Ẹni tí ó bẹ́ orí gìtá kò ṣe aṣiwèrè, nítorí pé ó mọ iṣẹ́ tí orí ń ṣe, ó sì wá ẹlòmíràn tí yóò ṣe é kí ó tó gbé ọ̀bẹ. Kí àwa tí a fẹ́ rà á náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ohun tí a fẹ́ mú kúrò. Nígbà náà ni a ó mọ̀ bóyá ohun tí a fẹ́ fi dípò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí kò mọ sí orí gìtá nìkan.